Ẹyin Tí Kò Ní Òǹtẹ̀

Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà 2014

Adìẹ mẹ́ta wọ ilé wa lónìí. Patricia, aládùúgbò wa, ló bá wa rà wọ́n níbi tó ti ń ra tirẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ra òbúkọ kan fún mi n'Ìkirè. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Ó ní wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún, wọn ò tíì yé rí, àmọ́ kò ní pẹ́ mọ́.

Obed, ọkọ mi, ló kan ilé wọn. Iṣẹ́ tí ì bá fi ọjọ́ kan ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà á. Ó kan ìṣó méjì, ó jókòó. Ó kan méjì, ó jókòó. Ó gbé ilé náà lé búlọ́ọ̀kù kí ìtẹ́ wọn lè ga dé ìbàdí rẹ̀, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, kì í rí èémí mí. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìdínlógún wa bọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó yìí, láti oṣù kẹrin kò tíì fọwọ́ kan sítíárìn.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Obed o. Lójú rẹ̀, Daddy Ìyèbíyè ni, kí ilé má bàa dàrú.

Ìyèbíyè ọmọ wa náà wá láti Belvedere, níbi tó ń gbé, wá wò wọ́n, ó sì sọ méjì lórúkọ, Dúdú àti Kékeré. Ẹ̀kẹta, èyí tó pupa, tó ń gbé àyà káàkiri bí ẹni tó ni gbogbo wa, mo ní kó máa jẹ́ Rosaline. Orúkọ ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nìyẹn. Ìrìn wọn kò yàtọ̀.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà dé láti ọsibítù. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní kó pè wọ́n láti sọ pé òun ń bọ̀.

Dókítà ti ṣàlàyé níṣojú mi nínú oṣù keje. Ó ní nǹkan kan wà nínú ọkàn rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀kùn, kì í pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń padà sẹ́yìn. Tí wọn ò bá tún un ṣe, ó ṣeé ṣe kó má rí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì ti na tíṣù sí mi kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún.

Obed ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sábẹ́ Bíbélì, ó lọ bọ́ adìẹ. Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Bíyìí, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ n'Íbàdàn, ó juwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, kò sì jáde mọ́. Bàtà rẹ̀ ni Obed gbé délé.

Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń yàgbẹ́, ẹyin kò sí. Tí mo bá na ọwọ́ sí wọn, wọ́n á fò bí ẹni rí ọlọ́pàá. Atẹ́gùn odò ń fẹ́ látàárọ̀, aṣọ tí mo sá ti dé ọgbà Patricia. Obed kò tíì pe ọsibítù.

Àìkú, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lánàá Ìyèbíyè bẹ bàbá rẹ̀ títí. Ó ní, "Daddy, please, just go." Obed kò dáhùn, ó ń wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n tí ohùn rẹ̀ ti wà ní pípa.

Láàárọ̀ yìí ló dáhùn, nígbà àdúrà ilé, ká tó wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú, ó ní:

"Ọlọ́run, ẹ̀rù ń bà mí, ìwọ náà mọ̀. Àmì ni mo fẹ́. Tí ọ̀kan nínú adìẹ mẹ́ta yìí bá yé ẹyin kan péré kó tó di ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, màá lọ. Tí wọn ò bá yé, mo mọ̀ pé o ní kí n jókòó sílé."

Mo ti ṣe àmín kí n tó mọ ohun tí mo ṣe àmín sí. Ẹ wá wo bí ẹ̀mí ọkọ mi ṣe di ohun tó wà nídìí adìẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, ní gbogbo gígùn òpópónà Yarnton Way, n kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 1 Òkìtóbà

Patricia ní ilẹ̀ tó ń tètè ṣú ló fà á tí wọn ò fi tíì yé. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ni adìẹ fi ń mọ ìgbà. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú, èyí tí kò tíì yé rí lè dúró di ìgbà tí òtútù bá lọ. N kò gbọ́ irú èyí rí. Adìẹ ìyá àgbà mi ń yé lójò, ó ń yé ní ọyẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni aago mélòó ló lù. Ká ní mo mọ̀ ni, oṣù kẹta ni ǹ bá ti rà wọ́n.

Patricia ní ká gbé iná kékeré kan sínú ilé wọn, kó máa tàn fún wákàtí díẹ̀ ní ìdájí. Mo ti ń wá wáyà kiri nígbà tí Obed ní rárá. Ó ní ẹni tó béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run kì í bá A tan iná sí i.

Inú bí mi. Mo fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àìkú, 5 Òkìtóbà

Ogbe Rosaline ti ń pọ́n. Bí ètè ọmọdé ló rí nígbà tó dé, ó ti wá di ata báyìí, ojú rẹ̀ náà sì pupa. Ó ti pọ̀ lẹ́nu jù. Tó bá rí Dúdú nídìí oúnjẹ, á sọ ọ́ lórí.

Obed gbé àga ti wọn, ó wọ awò ojú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó pọ́n ju ti àná lọ. N kò lè sọ bóyá ohùn ìdùnnú ni tàbí ti ẹ̀rù. N kò mọ èwo ló ń gbàdúrà fún, kí ó yé ni àbí kí ó má yé, mo sì rò pé òun náà kò mọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ọjọ́rú, 8 Òkìtóbà

Ọlọ́run yọ mí lónìí. Mo dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́, mo fẹ́ bu omi fún wọn. Rosaline rí mi, kò sá. Ó ba mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ó na apá méjèèjì díẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, kò dìde. Mo ní ó parí, rọpárọsẹ̀ ti mú adìẹ mi. Mo rò ó pé kí n tètè dú u kó tó kú sí mi lọ́wọ́, ó kéré tán ká rí i fi se ọbẹ̀ ata.

Mo ti mú ọ̀bẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nígbà tí Patricia yọ orí lókè ọgbà, tó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe. Mo ṣàlàyé. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di pákó ọgbà mú. Ó ní adìẹ tó bá ń ba báyẹn fún ẹni tó ń bọ́ ọ ti di ìyàwó nìyẹn, àkùkọ ló fi mí pè. Ó ní ẹyin kò jìn mọ́. Bóyá ọ̀sẹ̀ kan, bóyá mẹ́ta.

Àmì tí à ń retí látọ̀run, díẹ̀ ló kù kí n fi ata sí i.

Àbámẹ́ta, 11 Òkìtóbà

Rosaline wọ inú ìtẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí. Á tú koríko, á ju díẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, á yí po, á jókòó, á máa dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọ̀fun bí ìyá tó ń wá kọ́kọ́rọ́. A ó máa wò ó, èmi lójú fèrèsé, Obed lórí àga. Á wá dìde, á jáde, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ti ń lọ wo abẹ́ igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó jọ pé ibẹ̀ wù ú ju ìtẹ́ lọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Ìṣẹ́gun, 14 Òkìtóbà

Ìyá àgbà mi ní tí adìẹ bá ń wá ibi tí yóò yé sí, ẹyin kan là á fi sílẹ̀ nínú ìtẹ́ kó lè mọ̀ pé ilé nìyẹn. Mo mú ọ̀kan nínú páálí ẹyin mẹ́fà tí mo rà ní ọjà Woolwich. Òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, kìnnìún kékeré kan àti nọ́ńbà, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹyin ọjà níbí. Mo da fínígà sí aṣọ, mo nù ún títí òǹtẹ̀ náà fi lọ. Mo fi í sínú ìtẹ́ nígbà tí Obed ṣì ń sùn, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ohun tí ìyá àgbà mi máa ń ṣe náà ni mo ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ fún ara mi títí bọ́ọ̀sì fi dé. Àfi ìgbà tí mo jókòó tán tí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi nínú. Adìẹ kò mọ̀wé. Ta ni mo wá ń nu òǹtẹ̀ fún?

Ọjọ́rú, 15 Òkìtóbà

Mo fẹ́ sọ fún un lánàá. Mo ti tò ó sẹ́nu bí mo ṣe ń bọ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi, ẹyin náà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nínú áńkáṣífù funfun. Ẹrẹ̀ wà ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Mọ́wùnmí, Ó ti dá mi lóhùn."

Láti ọdún tó kọjá n kò rí ojú rẹ̀ kó mọ́ tó báyẹn. Ó ti pe ọsibítù pé òun ń bọ̀. Ó ti pe Ìyèbíyè, ìyẹn sì pè mí, ó ń pariwo, "Mummy, o ti gbọ́? The chicken came through. I'm actually crying." Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní a dúpẹ́.

Obed tún yí ẹyin náà wò, ó ní ó tóbi fún ẹyin àkọ́kọ́. Mo ní Rosaline ni, kì í ṣe nǹkan kékeré. Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì rọrùn ju èkínní lọ.

Ẹtì, 17 Òkìtóbà

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń tà ní pọ́n-ùn kan ní Woolwich lóṣù tó kọjá, mẹ́ta ló dà. Obed jẹ dòdò ó tún béèrè sí i. Ó ń súfèé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àìkú, 19 Òkìtóbà

Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ẹyin náà sókè, ó sọ bó ṣe béèrè àti bí Ọlọ́run ṣe dáhùn. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ bọ́ síta, mo sì bọ́ síta, mo dúró tì í, sùtánà mi ti rin lẹ́yìn. Wòlíì ní ká gbé ẹyin náà sórí pẹpẹ kó wà níbẹ̀ títí Obed yóò fi bọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn. Tí mo bá dákẹ́, yóò lọ. Tí mo bá sọ, ó lè má lọ. Ọ̀nà wo ni obìnrin tó lórí pípé yóò mú? Kí ló wá ń jẹ mí lọ́kàn? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ó ń wọ yàrá yẹn, ó rò pé ọwọ́ Ọlọ́run ni òun dì mú. Tó bá lọ pa ojú dé síbẹ̀ ńkọ́? Irọ́ mi ni yóò dì mú lọ.

Ajé, 20 Òkìtóbà

Mo sọ.

Ó ti jẹun àárọ̀ tán, báàgì rẹ̀ ṣì ṣófo lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin yẹn kì í ṣe ti Rosaline." Mo sọ gbogbo rẹ̀, páálí, òǹtẹ̀, fínígà. Mo sọ ti ìyá àgbà mi, mo sì sọ pé ti ìyá àgbà mi kọ́ gan-an.

Ó ní, "O jẹ́ kí n jẹ́rìí èké níwájú pẹpẹ." Ohùn rẹ̀ kò le. Ì bá le, ì bá sàn fún mi. Ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn adìẹ.

Mo gbé tíì lọ, kò mu. Mo gbé ẹ̀wà lọ, kò jẹ. Mo pe Ìyèbíyè, ó ní, "Why would you tell him, Mummy? Why now?" Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo ìdí Rosaline bí ẹni tó wá pàdé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú. Ó wọ ìtẹ́, ó jáde. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún jáde. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Mo rò pé mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ọkọ mi.

Nǹkan bí aago márùn-ún ló wọlé. Ó bi mí irú fínígà tí mo lò. Mo ní funfun yẹn, èyí tí à ń fi fọ kẹ́tùlù. Ó ní ṣé kíá ni òǹtẹ̀ náà lọ. Mo ní rárá, ó pẹ́, mo fi èékánná ha á nígbẹ̀yìn. Ó jókòó.

"Látàárọ̀ ni mo ti ń bá Ọlọ́run jà pé kò fún mi ní àmì. Ohun tí mo wá ń rí ṣáá ni obìnrin kan tó dúró nídìí síǹkì ní ìdájí, tó ń fi èékánná ha òǹtẹ̀ kúrò lára ẹyin kí n má bàa kú. Kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ adìẹ? Lọ di báàgì mi."

Mo lọ dì í. N kò ríran dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 21 Òkìtóbà

Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo dì fún un, kò sí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Nígbà tí a dé ọsibítù, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wo ojú mi. Ó gbà á padà, ó rọra tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibẹ̀ ni kó wà, òun fúnra òun ni òun máa wọ̀ ọ́.

Aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n ti ṣe é tán. Ó ń mí.

Ẹtì, 24 Òkìtóbà

Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá Rosaline ti yé. Mo ní kò tíì yé. Ó rẹ́rìn-ín, àyà sì dùn ún, nọ́ọ̀sì bá mi wí.

Àìkú, 26 Òkìtóbà

Wọ́n dá aago padà lóru. Mo dìde ní àkókò ìjẹ́rìí, mo sọ òtítọ́ fún ìjọ. Ìyá ìjọ tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń rò ó pé adìẹ wo ló yé ẹyin tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà ìdáríjì fún mi, ó gbàdúrà fún Obed, ó wá ní kí n jáde wá gba ẹyin mi.

Ẹtì, 31 Òkìtóbà

Obed délé. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kẹ́tùlù pàápàá. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga láìdúró mí. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ sunkún, mo ṣí omi kó má bàa gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 4 Nòfẹ́ńbà

Mo ń gé ilá nígbà tí ariwo sọ lẹ́yìn ilé. Rosaline ni, ó dúró lórí òrùlé ilé wọn, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè, Dúdú àti Kékeré ń gbè é. Mo sáré jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ilá lọ́wọ́. Ó wà níbẹ̀, nínú ìtẹ́. Kékeré báyìí, pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín kan wà lára rẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo sì fà á padà. Èmi kọ́ ni yóò mú un. Mo pa ìdérí ìtẹ́ náà dé, mo wọlé, mo sọ fún Obed pé ìdí kan ń bẹ tó fi yẹ kó tètè lágbára. Ó ní òun ti gbọ́ ariwo.

Ẹtì, 7 Nòfẹ́ńbà

Ẹyin ti di mẹ́ta. Rosaline kì í sá fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ń bọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì wá pè mí. Dúdú náà ti ń yọjú wo ìtẹ́. Patricia ní kí n kó ẹyin kí wọ́n má bàa sàba lé e. Mo ní kó fi wá sílẹ̀ di ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 8 Nòfẹ́ńbà

Oòrùn yọ díẹ̀. Obed wọ ẹ̀wù òtútù lé aṣọ ilé, ó di ejìká mi mú, a rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún, mo kà á. Kò dúró mí. Rosaline ba mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na apá. Kò lè bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án, nítorí náà ó kí i. Ó ní, "Rosaline, ẹ kú iṣẹ́."

Mo ṣí ìdérí ìtẹ́, èyí tó kàn sí ìbàdí ara rẹ̀ nígbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹyin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó mú èyí tó wà lókè. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó yí orí ẹyin náà wò, ó yí ìdí rẹ̀ wò, ó yí i po lójú oòrùn fún ìgbà pípẹ́, ó ń wá òǹtẹ̀.

Nígbà tí kò rí i, ó gbé e sí imú.

Ó ní, "Kò rùn fínígà." Ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì ń gbóná.